Ó kú àbí ó yè? Bí fídíò ṣe di adájọ́ àgbà nínú bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Láti ìgbà tí ìdíje ọdún 2026 ti bẹ̀rẹ̀ ní MLB, líìgì ńlá bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, àṣà tuntun kan ti wọ inú eré náà. Bọ́ọ̀lù á kọjá níwájú onígi, ọ́mpáyà, ìyẹn adájọ́ eré, tó wà lẹ́yìn á ké pé "strike", pé bọ́ọ̀lù náà gba àyè tó tọ́ kọjá, onígi á sì fọwọ́ gbá akoto orí ara rẹ̀. Eré á dúró. Àwòrán á yọ lórí pátákó ńlá inú pápá, á fi ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù náà gbà hàn títí dé ibi àpótí kan tí wọ́n yà sókè béèsì ilé. Bó bá fara kan àpótí náà bó ti wù kó kéré tó, ọ́mpáyà jàre. Bó bá fi ìdajì íǹṣì tàsé, ìdájọ́ ti yí padà nìyẹn, wọ́n á sì máa bá eré lọ.

Ẹni tó mọ VAR inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lè rò pé ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú bésíbọ́ọ̀lù báyìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń pa wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò fídíò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tí wọ́n fẹ̀ lójú ní 2014. Ó wà fún ẹsẹ̀ tó kan béèsì, ọwọ́ tó kan asáré, àti ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí. Èèyàn ló ń wò ó, èèyàn ló sì ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Èkejì ni ABS (Automated Ball-Strike) ti 2026 yìí, tó wà fún ball, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó tàsé àyè náà, àti strike nìkan. Ẹ̀rọ ló ń dá tiẹ̀. Níbi tí àwọn méjèèjì ti jọra ni pé kámẹ́rà kì í kàn tú àṣìṣe fó kó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ibi tó bá wọ̀, ó ń yí bí wọ́n ṣe ń ṣeré padà, nígbà míràn níbi tí àwọn tó gbé e wọlé kò fojú sí rárá.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti tó. Ajubọ́ọ̀lù ń jù ú, onígi ń gbá a, ahánbọ́ọ̀lù lóṣòó sẹ́yìn onígi láti hán èyí tí igi bá tàsé. Bí igi bá bá a, onígi di asáré. Béèsì mẹ́rin ló wà, ẹsẹ̀ bàtà 90 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ó sì gbọ́dọ̀ yí wọn po padà sílé kó tó lè ní ayò kan. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú rẹ̀ dé béèsì kìíní, ó kú, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń wí nínú eré tiwa. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣáájú, ó yè. Ikú mẹ́ta ló ń lé ikọ̀ kan kúrò nídìí igi, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án sì ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dé ìdí igi nínú eré kan, tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní inning.

Àṣìṣe tó fi ìṣòro hàn

Ọ́mpáyà tó wà ní béèsì kìíní ní ọgbọ́n kan tó ti pẹ́. Ojú rẹ̀ kì í sí lára bọ́ọ̀lù. Béèsì ló ń wò, kó lè rí ẹsẹ̀ tó bá balẹ̀ lé e, etí ló sì fi ń dúró de bọ́ọ̀lù, nítorí pé bọ́ọ̀lù tó bá wọ inú ìbọ̀wọ́ awọ a máa dún pò. Bí ẹsẹ̀ bá ṣáájú ìró yẹn, asáré yè. Bí ìró bá ṣáájú, ó kú. Ọgbọ́n yìí dára, ó sì máa ń bá a mu lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn bá ń pariwo, tàbí tí bọ́ọ̀lù bá rọra wọ ìbọ̀wọ́ láìdún, etí a kùnà.

Kansas City rí èyí ní oṣù kẹwàá ọdún 1985, nínú eré kẹfà World Series, àṣekágbá líìgì náà. Cardinals ti St. Louis ló ń fi ayò 1 sí òdo ṣáájú, inning tó kẹ́yìn ni wọ́n wà. Ọ́mpáyà Don Denkinger ní Jorge Orta ti Royals, ikọ̀ Kansas City, yè ní béèsì kìíní. Tẹlifíṣọ̀n fi hàn pé ó ti kú. Royals gba ayò méjì níbẹ̀, wọ́n borí 2 sí 1, wọ́n sì fi 11 sí òdo na Cardinals nínú eré keje láti gba ife. A ò lè sọ pé ìdájọ́ yẹn nìkan ló fún wọn ní ife, nítorí Cardinals ṣe àṣìṣe tiwọn lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ọmọ St. Louis tó gbàgbé orúkọ Denkinger.

Èyí tó dun àwọn èèyàn jù ṣẹlẹ̀ ní Detroit, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2010. Armando Galarraga ti Tigers ti pa onígi 26 ti Cleveland léraléra, láìjẹ́ kí ẹyọ kan dé béèsì. Bó bá pa ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó ti ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní perfect game, èyí tí ogún péré wà nínú ìwé ìtàn líìgì náà títí di ọjọ́ yẹn. Jason Donald gbá bọ́ọ̀lù náà nílẹ̀, Miguel Cabrera sáré mú un, ó sọ ọ́ sí Galarraga tó ti sáré wá dúró sórí béèsì. Bọ́ọ̀lù ṣáájú ẹsẹ̀ Donald, ó tó ìṣísẹ̀ kan. Ọ́mpáyà Jim Joyce na ọwọ́ méjèèjì: ó yè. Galarraga rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó pa onígi tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Joyce rí fídíò lẹ́yìn eré, ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé pé òun ṣì í, ó sì tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kejì, Galarraga fúnra rẹ̀ ló mú ìwé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ rẹ̀ lọ bá a nídìí béèsì ilé, omi sì lé ròrò lójú Joyce. Olórí líìgì nígbà náà, Bud Selig, kọ̀ láti yí ìdájọ́ náà padà. Gbogbo ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n nílé ló mọ òtítọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn mẹ́rin tó ń dájọ́ lórí pápá nìkan ni òfin kò gbà láyè láti wò ó.

Fídíò ti wà nínú eré nígbà yẹn o, ṣùgbọ́n fún home run nìkan, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí onígi gbá ré ògiri pápá kọjá. Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 2008, àwọn ọ́mpáyà lè kúrò lórí pápá lọ wo tẹlifíṣọ̀n kékeré kan bí iyèméjì bá wà bóyá bọ́ọ̀lù ré ògiri kọjá, bóyá ó wà nínú ìlà, tàbí bóyá òǹwòran na ọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó, lórí bọ́ọ̀lù tí Alex Rodriguez ti Yankees gbá ní Tropicana Field. Home run ni wọ́n pè é, home run náà ló dúró. Àléébù ètò yìí hàn kedere ní Cleveland ní oṣù karùn-ún 2013. Adam Rosales ti Oakland gbá bọ́ọ̀lù kan tó kọlu irin òkè ògiri, tó yẹ kó jẹ́ home run tó máa sọ eré di 4 sí 4. Àwọn ọ́mpáyà wọlé lọ wo fídíò, wọ́n jáde, wọ́n ní kì í ṣe home run. Oakland pàdánù 4 sí 3. Lọ́jọ́ kejì líìgì gbà pé ìdájọ́ náà kò tọ́. Fídíò wà, ojú náà sì wà, àṣìṣe ṣì ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí líìgì kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó dájọ́ kọ́ ló yẹ kó tún un wò.

Kòtẹ́milọ́rùn ní New York

Ní oṣù kìíní 2014, gbogbo àwọn tó ni ikọ̀ fọwọ́ sí ètò tuntun. Tony La Russa, Joe Torre àti John Schuerholz ló wà nínú ìgbìmọ̀ tó ṣètò rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ́mpáyà orí pápá kì í wo fídíò rárá. Ilé kan wà ní New York tí gbogbo àwòrán láti gbogbo pápá ń wọ̀. Àwọn ọ́mpáyà míràn ló jókòó síbẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ń wá àwòrán tó dára jù fún wọn. Níbí ni bésíbọ́ọ̀lù ti yàtọ̀ sí VAR jù lọ. Ẹni tó bá rántí eré Nàìjíríà àti Argentina ní ìdíje àgbáyé 2018 á rántí bí rẹfirí ṣe sáré lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n, tó wo ọwọ́ Marcos Rojo, tó sì kọ̀ láti fún wa ní pẹ́nárítì. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, kò ní lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n kankan. Wọ́n á kàn gbé ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ fún un, New York á sọ fún un bó ṣe rí, òun á sì kéde rẹ̀.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Bí ìdájọ́ kan kò bá tẹ́ máníjà ikọ̀ lọ́rùn, ó gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ sókè lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ló ní láti ronú. (Ní 2017 ìṣẹ́jú àáyá 30 ni, ó di 20 ní 2020, ó sì di 15 ní 2023, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gé e kúrú nítorí àwọn òǹwòran ń ráhùn.) Láàárín àsìkò yẹn, òṣìṣẹ́ ikọ̀ kan tó wà ní yàrá fídíò lẹ́yìn pápá ti ń yí àwòrán síwá sẹ́yìn, á sì tẹ fóònù sí igbákejì máníjà: ẹ pè é, tàbí ẹ má pè é. Ọ̀pọ̀ kòtẹ́milọ́rùn ni kì í wáyé rárá nítorí pé ẹni tó wà ní yàrá yẹn mirí. Bí máníjà bá pè é, olórí ọ́mpáyà àti ẹni tó dájọ́ á lọ fi ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ sétí. Láti 2022, olórí ọ́mpáyà a máa fi gbohùngbohùn kéde àbọ̀ rẹ̀ kí gbogbo pápá lè gbọ́.

Kòtẹ́milọ́rùn kan ṣoṣo ni máníjà ní nínú eré lásán, méjì nínú ìdíje ìparí ọdún. Bó bá jàre, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ̀bi, ó ti lọ. Láti inning kẹjọ, olórí ọ́mpáyà lè fúnra rẹ̀ bèèrè àyẹ̀wò bí ti máníjà bá ti tán, kí eré má baà bàjẹ́ nítorí kòtẹ́milọ́rùn tí máníjà fi ṣòfò ní inning kejì.

Àbọ̀ mẹ́ta ló ń jáde láti New York, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òǹwòran ti ń ṣìnà. Wọ́n lè sọ pé ìdájọ́ náà tọ̀nà, pé fídíò jẹ́rìí sí i. Wọ́n lè yí i padà. Ẹ̀kẹta ni "ó dúró": kò túmọ̀ sí pé ọ́mpáyà jàre, kò sì túmọ̀ sí pé ó jẹ̀bi. Ó túmọ̀ sí pé kò sí àwòrán tó dájú tó láti fi yí i. Òfin béèrè fún ẹ̀rí tó hàn gbangba, tí kò ní iyèméjì. Bí ẹ̀rí bá rí báìbáì, ohun tí ọ́mpáyà kọ́kọ́ sọ ló máa lékè. Nítorí náà ìdájọ́ àkọ́kọ́ wúwo ju bí èèyàn ṣe rò lọ: eré kan náà, fídíò kan náà, "ó yè" lè dúró, "ó kú" náà ì bá sì dúró.

Kí ló dé tí kámẹ́rà kì í rí i?

Ìṣirò díẹ̀ á là á yé wa. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n lásán ń ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Asáré MLB tí kò yá jù, tí kò sì fà jù, ń sá ẹsẹ̀ bàtà 27 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pín in: láàárín àwòrán kan sí èkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rin íǹṣì márùn-ún ó lé díẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù ní máìlì 80 láàárín wákàtí kan ń rìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì láàárín àwòrán méjì yẹn kan náà. Nínú àwòrán kìíní, bàtà ṣì wà lókè, bọ́ọ̀lù sì wà lójú ọ̀nà. Nínú èkejì, bàtà ti wà lórí béèsì, bọ́ọ̀lù sì ti wà nínú ìbọ̀wọ́. Èwo ló kọ́kọ́ dé? Kò sí nínú fídíò. Kámẹ́rà tó ń ya 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ ìrìn ẹsẹ̀ yẹn di bí íǹṣì kan, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo igun pápá ni irú rẹ̀ wà.

Igun tí kámẹ́rà wà tún ní wàhálà tirẹ̀. Èyí tó wà lókè ń wo bàtà láti òkè, kò mọ̀ bóyá ó ti kan béèsì tàbí ó ṣì wà ní íǹṣì kan sókè rẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ rí bàtà dáadáa, ṣùgbọ́n ara ẹni tó ń ṣọ́ béèsì bo ìbọ̀wọ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni òṣìṣẹ́ New York ṣe ń gbé àwòrán méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n jọ máa lọ lásìkò kan náà: ọ̀kan fún ẹsẹ̀, ọ̀kan fún awọ. Bọ́ọ̀lù tó ti wọ ẹnu ìbọ̀wọ́ kò sì tíì tó o, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ti dì í mú. Nígbà míràn ohun tí wọ́n máa ń wò ni bí awọ ìbọ̀wọ́ ṣe ń fúnpọ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n tún wò, ìdí sì wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ balẹ̀ nítòsí onígi, ṣáájú ọ́mpáyà béèsì kìíní tàbí ìkẹta, wọn kì í fi fídíò wò ó bóyá ó wà nínú ìlà. Kí ló fà á? Bí ọ́mpáyà bá ti pè é ní foul, pé ó jáde kúrò nínú ìlà, gbogbo èèyàn dúró: asáré dúró, ẹni tó fẹ́ mú bọ́ọ̀lù dúró. Bí fídíò bá wá sọ pé inú ìlà ló wà, ta ló máa sọ ibi tí oníkálukú ì bá ti dé? Ní ti bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ lọ́hùn-ún, ó rọrùn díẹ̀ láti fojú bù ú. Iṣẹ́ New York kò parí sí "ó kú" tàbí "ó yè". Àwọn ló gbọ́dọ̀ to àwọn asáré sí béèsì tí wọ́n rò pé wọn ì bá dé ká ní ìdájọ́ tọ́ látilẹ̀. Àbá ni ibẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí, kò sì sí fídíò ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Eré Dodgers àti Mets, ikọ̀ ìlú New York, ní oṣù kẹwàá 2015 fi bí èyí ṣe lè lọ́jú pọ̀ tó hàn. Chase Utley já wọ béèsì kejì, ó kọlu Ruben Tejada, egungun ẹsẹ̀ Tejada sì ṣẹ́. Ọ́mpáyà ní Utley kú, Utley bá jáde lọ láìfẹsẹ̀ kan béèsì. Dodgers pe kòtẹ́milọ́rùn. New York rí i pé ẹsẹ̀ Tejada kò kan béèsì, wọ́n sì dá Utley padà sórí béèsì tí òun pẹ̀lú kò fọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kàn rárá. Wọ́n ní ìdájọ́ àkọ́kọ́ ló mú un jáde, kò sì sí ẹni tó fi bọ́ọ̀lù kàn án. Dodgers borí 5 sí 2. Lójú tèmi, bí òfin ṣe kọ ọ́ ni wọ́n ṣe dá a, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti bá ará New York kan sọ bẹ́ẹ̀.

Bí eré ṣe yí padà

Ṣáájú fídíò, àṣà kan wà ní béèsì kejì. Ẹni tó fẹ́ pa asáré méjì lẹ́ẹ̀kan kì í dúró tẹ béèsì dáadáa, kí asáré má baà gé e lẹ́sẹ̀. Á kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ọ́mpáyà á sì gbójú fò ó. Ní 2014 líìgì yọ èyí kúrò nínú ohun tí fídíò lè wò, nítorí wọ́n mọ̀ pé kámẹ́rà kò mọ àánú ṣe. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Tejada, wọ́n ṣe òfin tuntun ní 2016 lórí bí asáré ṣe lè já wọ béèsì, wọ́n sì ṣí àṣà yẹn fún fídíò. Kò pẹ́ tí òfin tuntun fi hàn pé òun lágbára: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin 2016, Toronto rò pé wọ́n ti gba ayò méjì tó fi wọ́n ṣáájú Tampa Bay. New York wò ó, wọ́n rí ọwọ́ Jose Bautista tó na sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń ṣọ́ béèsì kejì. Ayò méjèèjì fò lọ, eré parí síbẹ̀ ní 3 sí 2.

Ohun míràn tí kò sí ẹni tó rò tẹ́lẹ̀ ni ti asáré tó já wọ béèsì, tó dé ṣáájú bọ́ọ̀lù kedere, tí ara rẹ̀ sì fò sókè kúrò lórí béèsì fún ìpín kékeré kan nínú ìṣẹ́jú àáyá. Ojú èèyàn kò rí i rí. Láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ó yè ni. Ní báyìí, ẹni tó ń ṣọ́ béèsì ti mọ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ gbé ìbọ̀wọ́ kúrò lára asáré. Á lẹ̀ mọ́ ọn, á máa dúró de àyè tíńtín yẹn. Fídíò á rí i, asáré á kú. Òfin kò yí padà rárá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ló ṣì wà. Kámẹ́rà ló wá kà á ní lẹ́tà sí lẹ́tà. Ó ń bí àwọn èèyàn nínú, tèmi náà wà nínú wọn, nítorí kì í ṣe irú èyí ni wọ́n torí rẹ̀ gbé fídíò wọlé.

Èyí tó burú jù ni ti yàrá fídíò. Kí máníjà lè mọ ìgbà tó yẹ kó pe kòtẹ́milọ́rùn, líìgì fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tí gbogbo àwòrán ń wọ̀, nítòsí ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù jókòó. Nínú àwọn àwòrán yẹn ni ọwọ́ ahánbọ́ọ̀lù wà, bó ṣe ń fi ìka fi àmì han ajubọ́ọ̀lù pé irú bọ́ọ̀lù báyìí ni kó jù. Ilé tí wọ́n kọ́ fún òdodo di ibi tí wọ́n ti ń jalè àmì. Líìgì rí i pé Houston Astros ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017, ọdún tí wọ́n gba ife. Àwọn kan ń ka àmì látinú fídíò, àwọn kan sì ń lu agolo ìdọ̀tí kí onígi lè mọ ohun tó ń bọ̀. Ní oṣù kìíní 2020, líìgì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lé wọn, ó gba ẹ̀tọ́ wọn láti kọ́kọ́ yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ìpele kìíní àti èkejì fún ọdún méjì, ó sì fi ọdún kan dá ọ̀gá àgbà ikọ̀ náà (general manager) Jeff Luhnow àti máníjà A. J. Hinch dúró. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ó kan Boston Red Sox, lórí ìdíje 2018. Ẹni tí wọ́n dá dúró níbẹ̀ ni òṣìṣẹ́ yàrá fídíò gan-an.

Àpótí tí ẹ̀rọ ń yà

Ní gbogbo àsìkò yìí, ball àti strike kò ṣeé fọwọ́ kàn. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìdájọ́ pọ̀ sí jù. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù nínú eré kan súnmọ́ 300, ọ́mpáyà ló sì ń dájọ́ lórí gbogbo èyí tí onígi kò bá na igi sí. Bọ́ọ̀lù máìlì 90 ń lo bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2025, ìgbìmọ̀ tí àwọn tó ni ikọ̀, agbábọ́ọ̀lù àti ọ́mpáyà kan wà nínú rẹ̀ fọwọ́ sí ABS fún 2026. Kámẹ́rà Hawk-Eye 12 ló yí pápá kọ̀ọ̀kan po, wọ́n ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ ìbá lè dá gbogbo rẹ̀. Wọ́n dán ìyẹn wò ní Triple-A, líìgì tó wà lábẹ́ MLB, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kòtẹ́milọ́rùn. Èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fẹ́ ni ti kòtẹ́milọ́rùn, òun ni wọ́n sì mú.

Méjì ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Bí o bá jàre, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Onígi, ajubọ́ọ̀lù àti ahánbọ́ọ̀lù nìkan ló lè pè é, kí wọ́n fọwọ́ gbá fìlà tàbí akoto lójú ẹsẹ̀. Máníjà kò gbọ́dọ̀ dá sí i, kò sí fóònù, kò sí yàrá fídíò: wọ́n ti kọ́gbọ́n. Bí eré bá kọjá inning kẹsàn-án, ikọ̀ tí tiẹ̀ ti tán á máa gba ọ̀kan ní inning àfikún kọ̀ọ̀kan.

Àpótí náà fẹ̀ tó íǹṣì 17, bí béèsì ilé ṣe fẹ̀. Òkè rẹ̀ jẹ́ ìdá 53.5 nínú ọgọ́rùn-ún gíga onígi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 27. Nítorí náà Aaron Judge, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì méje nínú ìwé ikọ̀ rẹ̀, á ní àpótí láti íǹṣì 21.3 dé 42.3, Jose Altuve, tí wọ́n kọ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́fà fún, á ní láti 17.8 dé 35.3. Kò ṣe é ní ǹkankan bí onígi bá tẹ̀ba tàbí ó nàró, ìdúró kò kàn án mọ́. Eteetí bọ́ọ̀lù tó bá fara kan àpótí, strike ni, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sì nípọn tó íǹṣì mẹ́ta dín díẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò tíì fura sí. Nínú ìwé òfin, àyè strike jin bí béèsì ilé ṣe jin, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ti ABS pẹlẹbẹ bíi páànù ni, ó dúró ní àárín béèsì, íǹṣì 8.5 sí iwájú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó ń ré bọ̀ láti òkè lè kan ìsàlẹ̀ àyè yẹn níwájú béèsì, kó sì ti jìn sísàlẹ̀ kó tó dé àárín. Ìwé òfin á ní strike ni. Ẹ̀rọ á ní ball ni. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ṣì í. Ohun míràn ni wọ́n ní kó wọ̀n.

Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe ṣáájú ìdíje 2025, wọ́n yí ìdá 52.2 nínú ọgọ́rùn-ún ìdájọ́ tí wọ́n pè padà, bíi mẹ́rin ni wọ́n sì ń pè nínú eré kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba bí ìṣẹ́jú àáyá 14. Àwọn ahánbọ́ọ̀lù ló jàre jù, ìdá 56. Onígi jàre ní ìdá 50. Ajubọ́ọ̀lù gbẹ̀yìn ní 41. Kò yà mí lẹ́nu. Ahánbọ́ọ̀lù lóṣòó síbi tí ojú rẹ̀ bá àpótí mu gẹ́lẹ́, nígbà tí gbogbo bọ́ọ̀lù tí ajubọ́ọ̀lù bá jù ń rí bíi strike lójú tirẹ̀. Ọgbọ́n ahánbọ́ọ̀lù tó ń hán bọ́ọ̀lù tó yà díẹ̀, tó sì ń rọra fa ìbọ̀wọ́ wọ inú kó lè jọ strike, kò tíì kú, nítorí mẹ́rin péré ni wọ́n ń pè nínú 300. Ṣùgbọ́n ìṣirò tuntun ti wọ orí rẹ̀: ṣé kó na ti inning kìíní yìí, àbí kó tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí béèsì bá kún?

Èyí tó kù tí ojú wà lára rẹ̀ ni igi tí onígi nà díẹ̀ tó sì fà padà. Ṣé ó gbá a àbí kò gbá a? Ní 2025 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán kámẹ́rà wò fún un ní Florida State League, líìgì kékeré kan lábẹ́ MLB. Ìdiwọ̀n dígírì 45 ni wọ́n lò: bí orí igi bá kọjá rẹ̀ síwájú, ó ti gbá a nìyẹn, bí kò bá kọjá, kò gbá a. Ní MLB fúnra rẹ̀, ahánbọ́ọ̀lù ṣì ń nàka sí ọ́mpáyà tó dúró ní béèsì kìíní tàbí ìkẹta, ohun tí ojú ẹni yẹn bá sì rí ni ìdájọ́.